Ìlú kékeré tó sún mọ́ Èkó: ibi tí ọ̀rọ̀ mi já sí

Mo bèèrè níbí pé ìlú wo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló lọ́yàyà, téèyàn lè máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Yaba. Ifọ̀ ni mo mú. Ẹ ṣeun gan-an.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti Red Line, rélùwéè Ìpínlẹ̀ Èkó: ẹ wọkọ̀ dé Agbado, kí ẹ wọ rélùwéè níbẹ̀, ó di Yaba. Láti alẹ́ ni kí ẹ ti fi owó sínú káàdì Cowry tí a fi ń san owó ọkọ̀. Bí rélùwéè bá fi yín sílẹ̀, ó lè pẹ́ kí òmíràn tó dé, nítorí náà kí owó dáńfó wà lápò.

Lílọ wo ilé lásìkò òjò náà wúlò. Àgbàrá tó bo ẹnu ọ̀nà ilé kan tówó rẹ̀ rọjú ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń tajà ládùúgbò nípa iná, kànga àti owó ẹgbẹ́ onílé. Ìyá elélùbọ́ tí mo bi fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe alága àdúgbò wá. Ọ̀yàyà tí mò ń wá nìyẹn!

Àárọ̀ ti rọrùn. Ìrọ̀lẹ́ ló kù: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó Ọ̀tà ṣì ń dá wa dúró, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì.