Kí ló dé tí búlúù orí kọ̀ǹpútà fi ń di àlùkò lórí bébà?

OníPósítà:
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ títẹ̀, ẹ gbà mí o. Mo ṣe pósítà kan, búlúù tó ń tàn yòò ni mo fi ṣe ẹ̀yìn ẹ̀, gíríìnì tó ń dán gbinrin ni mo fi kọ lẹ́tà ẹ̀, gbogbo ẹni tó rí i lórí kọ̀ǹpútà ló yìn ín, ìgbà tó máa wá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dé, búlúù ti di ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, gíríìnì sì ti kú pátápátá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní fáìlì mi ló fà á, èmi ní ẹ̀rọ ẹ̀ ni. Èyí tó tún wá dójú rú fún mi ni àwọ̀ eérú kan tí mo lò lókè nínú búlúù yẹn àti nísàlẹ̀ nínú ìlà yẹ́lò, nọ́ńbà kan náà ni mo tẹ̀ fún méjèèjì o, àmọ́ tòkè ń pọ́n rúsúrúsú, tìsàlẹ̀ ń fà sí búlúù. Ta ló ń parọ́, ẹ̀rọ àbí ojú mi?

AláíǹkìMẹ́rin:
Ẹ má jà jàre, kò sírọ́ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń tan iná sí ẹ lójú ni, iná pupa, gíríìnì àti búlúù, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà wàá rí funfun. Bébà ò níná tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lù ú ló ń dá padà, iṣẹ́ íǹkì sì ni kó gbé lára ìmọ́lẹ̀ yẹn mì: cyan, ìyẹn búlúù tó fà sí gíríìnì, ń gbé pupa mì, màgẹ́ńtà, ìyẹn pupa tó fà sí àlùkò, ń gbé gíríìnì, yẹ́lò ń gbé búlúù. Bó o bá ń fi iná kún iná ó ń mọ́ sí i, bó o bá ń fi íǹkì kún íǹkì ó ń ṣú sí i.

Wàyí o, kò sí íǹkì búlúù nínú mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń lò, ìyẹn mẹ́ta tí mo dárúkọ yẹn àti dúdú, cyan àti màgẹ́ńtà ni wọ́n máa tẹ̀ léra kó lè di búlúù, cyan gidi kì í sì í gbé pupa mì tán, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ búlúù ẹ di àlùkò. Tí cyan bá wà ní 100%, fa màgẹ́ńtà wálẹ̀ sí nǹkan bíi 70% tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ti gíríìnì yẹn, gbàgbé ẹ̀, íǹkì mẹ́rin ò lè gbé e jáde, àfi kí wọ́n po íǹkì ọ̀tọ̀ fún un, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Pantone ti ń fún ní nọ́ńbà láti 1963, ìyẹn á sì gba owó sí i.

Fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo pósítà yẹn, wàá rí i pé tótó kéékèèké lásán ni gbogbo ẹ̀, wọ́n to ara wọn yípo bí òdòdó, torí wọ́n yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí igun tiẹ̀: dúdú 45°, màgẹ́ńtà 75°, cyan 15°, yẹ́lò 0°. Ibi tójú ti ń tètè rí ìlà ni 0° yẹn, yẹ́lò ni wọ́n fi síbẹ̀ torí òun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ojú ẹ ló ń po gbogbo ẹ̀ pọ̀ látòkèèrè.

Ọlọ́dà:
@OníPósítà ti eérú yẹn ò kan ẹ̀rọ rárá. Lu ihò méjì sára páálí, gbé e lé pósítà kó jẹ́ pé eérú méjèèjì nìkan lò ń rí, wàá rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ojú kì í wo àwọ̀ lóun nìkan, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa ń fi í wé. Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Faransé tó ń bójú tó aró nílé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, wọ́n fẹjọ́ sùn ún pé òwú dúdú wọn ò dúdú tó, ó yẹ aró wò títí, aró ò níṣòro kankan, àṣé búlúù àti àlùkò tí wọ́n hun mọ́ ọn ló ń bà á jẹ́. 1839 ló tẹ ìwé lórí ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kí eérú méjèèjì jọra lójú èèyàn, àfi kó o yáa fún wọn ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ o 😂

OjúLalákàn:
Ẹ̀gbọ́n AláíǹkìMẹ́rin sọ̀rọ̀ sha, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í pé abẹ́ iná wo ló ti wò ó. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré lojú fi ń dá àwọ̀ mọ̀, torí náà ìmọ́lẹ̀ méjì tí ohun inú wọn ò jọra rárá lè rí bákan náà lójú ẹni, ẹ̀tàn yẹn gan-an ni títẹ àwòrán aláwọ̀ ń jẹ lórí ẹ̀. Maxwell, onímọ̀ físíìsì ọmọ Scotland, fi hàn ní 1861, wọ́n ya rìbọ́ọ̀nù kan nífọ́tò látinú awò pupa, gíríìnì àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi iná tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, àwọ̀ bá jáde. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kẹ́míkà fọ́tò ayé ìgbà yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ pupa rárá, 100 ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé ìtànṣán tójú èèyàn kì í rí ló gba inú awò pupa yẹn kọjá.

Tí iná bá wá yí padà, ẹ̀tàn yẹn lè tú, àwọ̀ tó jọra tẹ́lẹ̀ á ya ara wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń wò ó lábẹ́ iná funfun 5000 kelvin (ìwọ̀n àwọ̀ iná nìyẹn), èyí tí wọ́n ń pè ní D50. Má wò ó lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò kó o wá máa bá ẹni ẹlẹ́ni jà.

OníPósítà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lu páálí yẹn, eérú ti di ọ̀kan lóòótọ́, háà! Mo gbé e síta, àlùkò ṣì ni àlùkò nínú oòrùn o. Ṣé kí n wá yí fáìlì sí CMYK, ti íǹkì mẹ́rin yẹn, fúnra mi àbí kí n fi RGB, ti iná mẹ́ta orí kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́?

AláíǹkìMẹ́rin:
Yí i fúnra ẹ, kó o lè fojú ara ẹ rí ohun tó máa kú kó tó dórí ẹ̀rọ.

OjúLalákàn:
Mi ò gbà. RGB ni kó o fi ránṣẹ́, àwọn ló mọ bébà tí wọ́n máa lò, èyí tí kò dán ń fa íǹkì mu, tótó á fẹ̀, gbogbo ẹ̀ á ṣú ju bó o ṣe rò lọ.

AláíǹkìMẹ́rin:
Ìyẹn tí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Béèrè bébà yẹn lọ́wọ́ wọn kó o tó ṣe nǹkan kan, kó o sì ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún ẹ wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù.