Ta ni ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda, kí ló sì ṣe ọkọ̀ náà gan-an?

Ọmọ Ṣábẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Clotilda ni mo bá wá, ọkọ̀ tó kó ẹrú lọ Amẹ́ríkà kẹ́yìn. Ohun tí mo ń gbọ́ kò bára mu. Àwọn kan ní ìjì ló rì í, àwọn kan ní ńṣe ni wọ́n sun ún. Èwo ni ká gbà? Irú èèyàn wo ni William Foster tó tù ú? Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará apá ọ̀dọ̀ wa wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú, kó jọ̀ọ́ là á yé mi.

Ará Àjàṣẹ́

Ìjì kọ́. Foster fọwọ́ ara rẹ̀ sọ iná sí i ni.

Ọmọ Nova Scotia ní Kánádà ni, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ló ń ṣe. Òun ló kan Clotilda ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1855: ẹsẹ̀ bàtà 86 ní gígùn, 23 ní ìbú, òpó ìgbòkun méjì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yára, atukọ̀ díẹ̀ ló sì ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí Timothy Meaher, olówó Mobile tó gbówó kalẹ̀, fi yàn án.

Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀ láti 1808. Láti 1820, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Nígbà tí Foster ṣíkọ̀ ní oṣù Kẹta 1860, pákó ló kó sókè bí ẹrù ọjà. Oúnjẹ àti àgbá omi tó pọ̀ ju ti atukọ̀ lọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọtí ráàmù àti wúrà 9,000 dọ́là. Ìjì bà á jẹ́ lójú òkun lóòótọ́ (bóyá ibẹ̀ ni ìtàn rírì ti wá), ó sì yà sí Cape Verde láti tún un ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ti yarí pé kó sọ owó àwọn di ìlọ́po méjì. Ó ṣèlérí, kò mú un ṣẹ.

Kétu Ilé

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Wídà kún un, ìlú etíkun Dàhòmì tí Foster ti lọ ra ẹrú. Ní oṣù Karùn-ún ló débẹ̀. Wídà kò ní èbúté, ìgbì ibẹ̀ sì ń fọ́ léraléra kó tó kan yanrìn. Ọkọ̀ ńlá tó bá sún mọ́ ọn á fọ́. Ọkọ̀ a dákọ̀ró síwájú òkun, àwọn tó mọ ìgbì ibẹ̀ á wá fi ọkọ̀ kékeré gbé èèyàn la ìgbì kọjá. Ìgbà ayé Glele, ọba Dàhòmì, ni. Foster fúnra rẹ̀ ló ń yan èèyàn nínú ọgbà tí wọ́n há wọn mọ́, 100 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣì ń kó wọn wọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rù bà á, ó fi àwọn tó kù sílẹ̀ létíkun, ó gbé 110 lọ.

Ní ti àwọn ará wa: Yorùbá ni Kossola tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis. Ìwádìí òpìtàn Sylviane Diouf gbé e lọ sí apá Bantè, tí kò jìnnà sí Ṣábẹ. Ìdájí ni ọmọ ogun Dàhòmì ya wọ ìlú wọn. Ó kú ní 1935. Matilda McCrear, ọmọdé pátápátá nígbà náà, gbé ayé dé 1940. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ ìgbà tí Kétu fọ́ o. 1886 ni Kétu fọ́, ọdún 26 lẹ́yìn tí ọkọ̀ yẹn ti jóná.

Oníṣẹ́ Igi

Oṣù Keje 1860 ni wọ́n padà dé Mobile, lóru. Wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ fà á gòkè odò, wọ́n kó àwọn èèyàn bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, Foster sì sun Clotilda nítòsí Twelve Mile Island. Kò lè ṣe é ṣe kó fi í sílẹ̀: ẹni tó bá wọ inú ọkọ̀ náà, pákó tí wọ́n tẹ́ fún ìdùbúlẹ̀ àti òórùn ibẹ̀ ti tó láti sọ ohun tó gbé. Ọgbọ́n yẹn bá a ṣe é, torí kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n nínú òun àti Meaher. Foster kú ní 1901.

Àmọ́ iná kò lè jẹ igi tó wà lábẹ́ omi. Òkè ọkọ̀ jó, ìdí rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé, tí igi kì í sì í tètè jẹrà. Ọkọ̀ tí akọ̀ròyìn Ben Raines kọ́kọ́ tọ́ka sí ní 2018 tóbi jù, kì í ṣe òun. Oṣù Karùn-ún 2019 ni wọ́n kéde ojúlówó. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Gígùn àti ìbú rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú egungun ọkọ̀ tó jẹ́ igi oak funfun, pákó ara rẹ̀ tó jẹ́ pine, ìṣó irin, àti ojú ibi tí iná ti jó o.

Ọmọ Ṣábẹ

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé wọn ò wá lè gbé e jáde?

Oníṣẹ́ Igi

Ó ṣòro gan-an. Igi tó ti mu omi ju ọdún 150 lọ, bó bá gbẹ lójijì, á sún kì, á là, á wó. Ọkọ̀ Vasa ti Sweden tí wọ́n gbé jáde ní 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí i lára, ara tiẹ̀ sì pé ju ti Clotilda tí iná ti jẹ lọ. Àwọn wẹ́wẹ́ igi Clotilda tí wọ́n ń fi han àwọn èèyàn láti 2023 ní Africatown, àdúgbò tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà tẹ̀ dó ní Mobile, inú omi ni wọ́n fi wọ́n sí.