Kí ni Úsà ṣe tó fi kú? Ìrírí wa ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ará Ìṣọ̀kún, Iléṣà:

Ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ la wà, Sámúẹ́lì Kejì, orí 6. Ẹ mọ ìtàn náà: wọ́n ń gbé àpótí ẹ̀rí bọ̀, màlúù kọsẹ̀, Úsà nawọ́ dì í mú kó má baà ṣubú, ó sì kú síbẹ̀. Pásítọ̀ ti ń mú un lọ sórí ìbẹ̀rù ohun mímọ́ (ó tiẹ̀ bá a dé orí gbohùngbohùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ), ni ìyá kan bá nawọ́. Obì ni ìyá yìí ń tà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀, ṣé kó máa wò ó kó ṣubú ni?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní a kì í bi Ọlọ́run pé kí ló ń ṣe.

Ìyá ní, "Èmi ò bi Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Ọmọ ìyá yìí kan, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń ná Iléṣà sí Àkúrẹ́, ti kú nínú jàǹbá ọkọ̀. Bíréèkì ló já. Àwọn kan nínú ìjọ ń sọ ọ́ sétí ara wọn nígbà náà pé ìdájọ́ ni, torí ọmọ náà ti pa ṣọ́ọ̀ṣì tì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú ìyá, ṣùgbọ́n ìyá gbọ́.

Mo délé, mo ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé Númérì orí 4 ti là á sílẹ̀ pé àwọn ọmọ Kóhátì, ìdílé kan nínú ẹ̀yà Léfì, ni kó máa gbé ohun mímọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí wọ́n má baà kú. Orí 7 ní èjìká ni wọn ó fi gbé e. Àwọn Fílístínì ló kọ́kọ́ gbé àpótí náà sórí kẹ̀kẹ́ tuntun tí màlúù ń fà. Dáfídì wá lọ ṣe bíi tiwọn. Nínú Kíróníkà Kìíní orí 15, òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ Léfì pé torí a ò ṣe é bó ṣe yẹ nígbà àkọ́kọ́ ni Ọlọ́run fi bínú sí wa. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí tó jọ mí lójú jù: nígbà tí Úsà kú, inú bí Dáfídì. Ẹ̀rù bà á, ó dá ìrìn náà dúró, ó gbé àpótí sílé Obedi-Édómù ará Gátì fún oṣù mẹ́ta. Mo yẹ ìwé ẹ̀kọ́ wa wò. Ẹsẹ 6 àti 7 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ 8 tí ìbínú ọba wà kò sí ńbẹ̀.

Mo bá ìyá lọ́jà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, kò gbójú sókè. "Ọba ló ṣètò, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kú." Ó bá yíjú sí oníbàárà rẹ̀.

Ìdí tí Úsà fi kú ò tíì yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní a ò gbọ́dọ̀ bèèrè, ó fẹ́ mọ Ọlọ́run ju Dáfídì lọ nìyẹn.

Ọmọ Ifẹ̀, Ẹnuwá:

Ìbéèrè tèmi, lórí Ámálékì ni, ẹ̀yà kan tó bá Ísírẹ́lì jà nínú Bíbélì. Ọmọdé ni mí nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, láàárín 1997 sí 2000. Oníwàásù kan ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 15 fún wa, níbi tí wọ́n ti ní kí Sọ́ọ̀lù pa Ámálékì run títí dórí ọmọ ẹnu ọmú. Ó ní oníkálukú mọ Ámálékì tirẹ̀. Ìjọ ké àmín. Modákẹ́kẹ́ ni ìyá tó bí ìyá mi. Mo wojú ìyá mi: kò ṣàmín, etí ìró rẹ̀ ló ń ká, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Mo dàgbà, mo wá ẹ̀sùn wọn lọ. Àwọn tó rẹ̀ tó kù sẹ́yìn nígbà tí Ísírẹ́lì ń bọ̀ láti Íjíbítì ni Ámálékì kọlù. Ìkà ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ kí ló kan ọmọ ọwọ́ ìgbà Sọ́ọ̀lù níbẹ̀? Diutarónómì 24 ní a ò gbọ́dọ̀ pa ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Ẹ ṣí i síwájú díẹ̀, orí 25 ní kí a pa ìrántí Ámálékì rẹ́. Àlùfáà kan ní ẹjọ́ ọmọ aráyé ni 24, ti Ọlọ́run ni 25. Ó dáa. Ṣebí ọwọ́ ọmọ aráyé náà ló di idà mú.

Músùlùmí kan, Sábó, Ilé-Ifẹ̀:

Nílé-kéú, mo bi ààfáà wa pé kí ló dé tí Ànábì Ibrahim ń bá Ọlọ́run jiyàn nítorí ìjọ Lúùtù tí Ọlọ́run fẹ́ pa run, nínú Súrà Húúdù nínú Kùránì. Pàṣán ni mo ń retí. Ó ní kí n ka àáyà tó tẹ̀ lé e. Àáyà 75 yin Ibrahim pé onísùúrù ni. Ó di 76 kí wọ́n tó ní kó fi í sílẹ̀, àṣẹ ti dé. Ààfáà ní, "Ṣé o rí i, wọ́n kọ́kọ́ yìn ín ná." Ó wá ní kí n padà sídìí wàláà mi, torí ti àná ò tíì dá mi lẹ́nu.