Ìmọ̀ràn: líǹkì inú lẹ́tà ìròyìn wa, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè rí i lò

Akọ̀wéẸgbẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti gbé lẹ́tà ìròyìn oṣooṣù ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa lé mi lọ́wọ́. Ímeèlì la fi ń pín in. Àwọn kan nínú wa kò ríran, ẹ̀gbọ́n wa kan sì wà tí rọpárọsẹ̀ bá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jà. Líǹkì kún inú lẹ́tà náà: ti owó ẹgbẹ́, ti fọ́tò, ti fọ́ọ̀mù. Báwo ni kí n ṣe wọ́n tí kò fi ní ni ẹnikẹ́ni lára?

EtíLojúMi:
Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Èmi náà kò ríran. NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ni mo fi ń ka kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí lẹ́tà bá gùn, n kì í jókòó gbọ́ ọ tán. Mo máa ń tẹ Insert àti F7 pa pọ̀ ni, gbogbo líǹkì á sì tò síwájú mi láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ nìyí: "Tẹ ibí. Tẹ ibí. Kà sí i. Tẹ ibí." Èwo ni ti owó, èwo ni ti fọ́tò?

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "San owó ẹgbẹ́", "Wo fọ́tò ìpàdé Abẹ́òkúta". Kó kúrú o, torí ohùn Òyìnbó ló ń ka Yorùbá fún mi, bó ṣe wù ú ló ń pè é. Ẹ má sì gbé àdírẹ́sì gbọọrọ kalẹ̀ ní ìhòòhò. Á máa pe "slash, dot, slash" títí ọbẹ̀ á fi jóná.

AdìrẹẸlẹ́kọ:
Tí fọ́tò bá jẹ́ líǹkì, ẹ kọ alt text sí i, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa kà dípò fọ́tò, kó sì sọ ibi tí líǹkì ń gbéni lọ. "Obìnrin tó wé gèlè" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Forúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé" ló dáa. Outlook tí a fi ń ka ímeèlì pàápàá máa ń dí fọ́tò mọ́lẹ̀ títí ẹni tó gba lẹ́tà á fi gbà á láàyè, nítorí náà kì í ṣe afọ́jú nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ fa ìlà sídìí líǹkì. Àwọ̀ nìkan kò tó, ojú ẹlòmíràn kì í ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. WCAG, ìlànà àgbáyé fún ṣíṣe ojú-ìwé ayélujára tí gbogbo èèyàn lè lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1.

ỌmọÌlọrin:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé kí wọ́n má kúkú sọ gbogbo rẹ̀ di bọ́tìnnì ńlá?

ÌyáÌbejì:
Rárá o, àbúrò. Ọ̀kan péré, fún èyí tó ṣe kókó jù. Ọwọ́ ọkọ mi ń gbọ̀n. Líǹkì ìsàlẹ̀ ni ìka rẹ̀ máa ń bá. Voice Access, tó ń jẹ́ kéèyàn fi ohùn darí fóònù, ló wá ń lò lórí Android báyìí. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà nọ́ńbà tó bá hàn lára líǹkì ló máa ń pè. Tí líǹkì mẹ́ta bá lẹ̀ mọ́ra, nọ́ńbà wọn á gun ara wọn. Ẹ fi àyè sílẹ̀. WCAG 2.2 tó jáde ní 2023 ní kí ibi tí ìka ń tẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 24 ní gígùn àti ní ìbú, ó kéré tán, tàbí kí àyè tó tó wà láàárín wọn. Apple ní pọ́ìǹtì 44, ti Apple sì ni mo fara mọ́.

Akọ̀wéẸgbẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìṣirò owó wa wà ní PDF. Ṣé kí n sọ ọ́ lára líǹkì náà?

EtíLojúMi:
Ẹ sọ ọ́. "Ìṣirò owó 2024, PDF, ojú-ìwé 6". Kí n mọ̀ kí n tó fi dátà mi wà á.