Ǹjẹ́ iṣẹ́ ọnà lè pẹ̀tù sí aáwọ̀ láwùjọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, kí ni àwòrán àti pósítà lè ṣe gan-an, yàtọ̀ sí pé kí wọ́n dùn ún wò lára ògiri?

Ìdáhùn 1: Wọ́n lè jẹ́rìí. Lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní ilẹ̀ Sípéènì lóṣù kẹrin ọdún 1937, Pablo Picasso fi àwọ̀ dúdú, funfun àti eérú ya àwòrán ńlá kan, níbi tí ìyá ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ dání tó ń ké.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í ṣe onílàjà. Ẹ wo pósítà tí Piotr Młodożeniec, ọmọ ilẹ̀ Poland, ṣe ní ọdún 2000: nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “coexist” (ìyẹn, kí a jọ máa gbé pọ̀), ó fi àmì òṣùpá àwọn Mùsùlùmí rọ́pò C, ó fi ìràwọ̀ Dáfídì tí í ṣe àmì àwọn Júù rọ́pò X, ó sì fi àgbélébùú rọ́pò T, tó fi jẹ́ pé bí a bá yọ ẹyọ kan ṣoṣo kúrò, ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́.

Ìdáhùn 3: Ìrọ̀rùn ni mo máa ń wò ní tèmi. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì àlàáfíà, òbírí tí ìlà wà nínú rẹ̀, tí Gerald Holtom, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọdún 1958 láti tako ohun ìjà átọ́míìkì.