Aṣọ 1952 yìí ń fa ọrùn sẹ́yìn, kí ni ṣíṣe?

Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Butterick B4790, pátánì gáùn kan láti ilé-iṣẹ́ Butterick, ni mo ń rán fún oníbàárà mi kan níbí ní London, tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi àríyá tí gbogbo èèyàn yóò ti múra bíi ti ayé 1950. Láti 1952 ni pátánì náà ti wà, wọ́n kàn tún un tẹ̀ ni. Iwájú rẹ̀ tóóró máa ń yí lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn tó fẹ̀ bí agbòòrùn á wá yí bọ̀ síwájú, bọ́tìnnì á sì mú un ní ìbàdí.

Mo fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú rán an wò ná. Yẹ̀rì ẹ̀yìn yẹn wúwo! Ó ń fa èjìká sẹ́yìn, ọrùn iwájú ń fún obìnrin náà lọ́rùn, abẹ́ apá sì là tí kọ́mú ń yọ. Ṣé kí n dín ẹ̀yìn kù láti èjìká ni, àbí kí n fi rìbọ́nì tí kì í nà dè é ní ìbàdí látinú? Ankara ló sì fẹ́ o, kì í ṣe aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti rán an rí, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti dín in?