Ìmọ̀ràn lórí ọsilosíkóòpù onítúùbù tí bàbá mi fi sílẹ̀

Ọmọ Ọlá-Ìyá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń tún ínfátà àti ampilifáyà ṣe nítòsí Ọlá-Ìyá, Òṣogbo. Bàbá mi tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá fi ọsilosíkóòpù Tektronix 545A kan sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ya ìrísí iná sójú gíláàsì. Ó wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Mo ṣí i lánàá: túùbù tò lọ bẹẹrẹ, eruku bò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tàn án gbẹ̀yìn. Ṣé kí n lò ó ni, àbí kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra tuntun kékeré?

Rédíò Òkè-Fìà: Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Àbúrò, má tà á. Ṣùgbọ́n má tíì kì í bọ iná o! Wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. 117 volt tàbí 234 ni wọ́n máa ń so tiransifọ́mà rẹ̀ fún. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Bó bá jẹ́ 117, iná tiwa níbí á jó o lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi variac (tiransifọ́mà tí a lè yí sókè sódò) gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Oníkàpásítọ̀: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ti 117 yẹn, ṣùgbọ́n ti variac kò bá ẹ̀rọ yìí mu. Rileè kan, ìyẹn suwíìṣì tó ń tan ara rẹ̀ bó bá gbóná, wà nínú rẹ̀ tó ń dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 kí túùbù gbóná, kó tó jẹ́ kí iná gíga kọjá. Bí iná bá kéré, rileè yẹn kò ní gbóná débi tí irin inú rẹ̀ á fi kan ara wọn. Kàpásítọ̀ ńláńlá (àwọn tó ń tọ́jú iná) ni kó o kọ́kọ́ wọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti gbẹ, pààrọ̀ rẹ̀.

Kó o tó gbé áyọ̀ọ̀nù (irin gbígbóná tí a fi ń jó wáyà): ṣé o rí àwọn pẹlẹbẹ séráámíkì funfun tí wọ́n jó wáyà mọ́? Fàdákà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ojú ihò wọn. Sódà lásán (òjé tí a ń yọ́ fi jó wáyà) máa ń fa fàdákà yẹn jáde, ihò náà kò sì ní gba wáyà mọ́. Sódà tó ní fàdákà ìdá 3 nínú 100 ni kó o lò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ilé iṣẹ́ wọn máa ń fi róòlù rẹ̀ kékeré kan sínú ẹ̀rọ náà. Wá a dáadáa.

Ọmọ Ọlá-Ìyá: Mà, ó wà níbẹ̀! Ó ti dúdú, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀. 234 ni wọ́n sì kọ sẹ́yìn. Kí ni mo lè fi ṣe lórí ínfátà?

Rédíò Òkè-Fìà: O ṣeun, Ìyá, mo gba ti rileè yẹn. Àbúrò, á fi ìrísí iná tó ń jáde hàn ọ́, bóyá ó ń yí bí ìgbì omi tàbí ó ń fo bí àtẹ̀gùn. Nǹkan bí 30 MHz (ìyípo mílíọ̀nù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló lè gbé, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí ínfátà ń béèrè lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni delay line rẹ̀: ó ń dá àmì dúró fún 0.2 microsecond (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), kí ìlà ojú gíláàsì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí àmì náà tó dé, o ó sì rí ìbẹ̀rẹ̀ ìfò gan-an.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kílíìpù prọ́ọ̀bù (wáyà tí a fi ń kan ohun tí a ń wọ̀n). Ó so mọ́ ara irin ẹ̀rọ, ara irin sì so mọ́ ilẹ̀. Má fi há ibi tí iná ilé ti wọ pátákó ínfátà láéláé, àfi kí ínfátà náà wà lórí isolation transformer (tiransifọ́mà tó ń ya ínfátà sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé). Iná tó wà lẹ́yìn ojú gíláàsì tó 10,000 volt, ó sì máa ń kù síbẹ̀ lẹ́yìn tó o bá ti pa á.

Ìyá Oníkàpásítọ̀: Ó ń jẹ ju 500 watt lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè má lè gbé e. Nu àlẹ̀mọ́ eruku fáànù rẹ̀, kó o sì jẹ́ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú kó o tó gba ohun tó bá wọ̀n gbọ́.

Ọmọ Ọlá-Ìyá: Mo ti yọ kàpásítọ̀ mẹ́rin wọ̀n. Méjì ti gbẹ. Màá wá wọn lọ́jà lọ́la.